Dókítà Tó Gba Ìyá Mi Lọ́wọ́ Mi

Bí mo bá sọ pé òkèèrè ni mo ti ń jẹun láti ọdún mẹ́sàn-án, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé Kánádà ni àbí Lọ́ńdọ̀nù. Màá ní Ṣómólú ni. Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi dá mi lóhùn. Àwọn ará Èkó ò gbà pé ẹnikẹ́ni lè rìnrìn àjò lọ sí òkèèrè kó wá já sí ẹ̀yìnkùlé wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ Kétu ni mí, Kétu tó wà ní òdìkejì ààlà, níbi tí a ti ń fi Faransé kọ̀wé tí a sì ń fi Yorùbá jà. Mo rékọjá ààlà yẹn, mo sì fi ìyá mi sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹlòmíì ṣe wá gbà wọ́n lọ́wọ́ mi lórí fóònù ni mo fẹ́ sọ. Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, torí èmi ni mo hu ìwà burúkú tó wà nínú ìtàn náà.

Mo ti rò pé èdè mi ni màá bá ní Èkó. Ọjọ́ tí mo dé yàrá tí mo gbà ní Bàrígà, mo kí ìyá onílé bí a ṣe ń kí àgbà nílé wa. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo béèrè àlàáfíà ọkọ, àlàáfíà ọmọ, àlàáfíà ẹran ọ̀sìn. Obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu, ó ké sí ọmọ rẹ̀.

"Tóyìn, sáré wá! Wá gbọ́ Àgànyìn tó ń sọ Yorùbá! Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá, ẹ tún un sọ."

Mo tún un sọ. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọn ò ṣe é pẹ̀lú ìkà, ìyá onílé yìí kan náà ló bu ẹ̀bà fún mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n èmi tí àwọn baba ńlá mi ti ń sọ Yorùbá kí Bàrígà tó ní títì, mo wọlé, mo jókòó lórí báàgì mi, inú mi sì bàjẹ́. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, mo ti ń gé ọ̀rọ̀ mi kúrú. Mo kọ́ láti máa sọ pé "nó wàhálà". Ohùn ilé wa wá di ohun tí mo ń tọ́jú pamọ́ di ọjọ́ Àìkú, tí mo bá pe ìyá mi.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo rí. Ṣómólú ni Èkó ti ń tẹ ohun gbogbo: kàlẹ́ńdà, pósítà, ìwé àdúrà, páálí oògùn, káàdì ìgbéyàwó. Ọ̀gá Mùká, tó ni ilé ìtẹ̀wé wa, ní ẹ̀rọ méjì tó máa ń ké láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, èmi sì wà nídìí kọ̀ǹpútà ní kọ̀rọ̀. Ìwé ètò ìsìnkú ni wọ́n kọ́kọ́ kó fún mi. Mo ń tẹ ìtàn ìgbésí ayé àwọn olóògbé, mo ń to fọ́tò wọn, mo ń ka orúkọ àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn kí ọ̀kan má bàa jábọ́. Ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, òkú tí mo mọ̀ ní Èkó pọ̀ ju alààyè lọ. "Kútọnù" ni gbogbo wọn ń pè mí níbẹ̀. Mo ń dáhùn.

* * *

Ní ọdún kẹrin, ìyá àgbàlagbà kan wọlé sí wa ní ọ̀sán, wọ́n wọ bàtà kéńfáàsì funfun lábẹ́ ìró, wọ́n fi apá kan gbá lailọ́ọ̀nù tó kún fún ìwé mọ́ra. Ọ̀gá Mùká rí wọn, ó dọ̀bálẹ̀ sínú àgékù bébà tó wà nílẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé bàbá wọn ní Fọlá Àgòrò ló ti kọ́ṣẹ́. Dókítà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ sì ni wọn kì í ṣe oníṣègùn.

Ọ̀rọ̀ Dókítà gbà mí ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí n tó mọ ọ́n tán. Bàbá wọn rán wọn lọ sí Íńdíà kí wọ́n lọ kọ́ ìmọ̀ kẹ́míkà, kí wọ́n lè padà wá máa po íńkì fún ilé ìtẹ̀wé. Ní ọdún kejì, òjò lé wọn wọ ilé ìkàwé kan, wọ́n bá bàbá arúgbó kan tó ń ké ewì Sáńsíkíríìtì láìwo ìwé. Sáńsíkíríìtì ni èdè àtijọ́ tí wọ́n fi kọ àwọn ìwé ńláńlá ilẹ̀ náà, ẹni tó ń fi í ra iyọ̀ lọ́jà kò sí mọ́. Dókítà jókòó títí òjò fi dá, wọn ò sì padà sídìí kẹ́míkà mọ́. Bàbá wọn bínú, kò kọ lẹ́tà sí wọn fún ọdún méjì. Nígbà tí wọ́n fi máa gba oyè ọ̀mọ̀wé tí wọ́n sì padà sílé, wọ́n ti lo ọdún mọ́kànlá lóhùn-ún, yunifásítì kankan níbí ò sì mọ ohun tí wọ́n máa fi wọ́n ṣe. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Òyìnbó ní ilé-ìwé girama títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Aago mẹ́ta sí mẹ́fà, tí ilé-ìwé bá ti pa, wọ́n á máa túmọ̀ Sáńsíkíríìtì sí Yorùbá. Ìwé mẹ́fà ni wọ́n túmọ̀ tán. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n rí tẹ̀, wọ́n sì kó o sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mo bi wọ́n pé ta ló kà á.

"Ikán," ni Dókítà wí. "Wọ́n kà á tán pátápátá. Wọ́n tiẹ̀ ka èèpo ẹ̀yìn."

Èyí tó gbé wọn wá sọ́dọ̀ wa ni ìkeje. Ewì gígùn kan ni, a ò mọ ẹni tó kọ ọ́. Obìnrin atukọ̀ kan wà tí ọba gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró sí etí odò, ó ń dárò ọkọ̀ rẹ̀, ó ń ka gbogbo ẹni tó ti fi í gbé kọjá. Dókítà ti mọ ewì náà sórí láti ìgbà èwe wọn, ìyẹn ló sì kó wọn yọ, torí ojú wọn ti ń lọ. Ilé ìwòsàn ti sọ fún wọn pé ti ọ̀tún ti tán, ti òsì ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n ń wá ẹni tó máa bá wọn kọ̀wé, tó máa bá wọn kàwé.

"Ọmọ ibo ni ẹ́?" ni wọ́n bi mí.

Mo ní Bàrígà ni. Mo ti mọ̀ pé ìyẹn kì í fa ẹ̀rín.

"Má purọ́ fún mi. Ohùn ẹ ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn."

Mo wá sọ pé Kétu ni. Wọ́n ní kí n kí wọn bí wọ́n ṣe ń kí àgbà ní Kétu. Ojú ti ń tì mí tẹ́lẹ̀, pàápàá pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ tó yí wa ká, ṣùgbọ́n mo kí wọn, títí dórí ẹran ọ̀sìn. Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n tún un kí, díẹ̀díẹ̀. Wọ́n wá kọjú sí Ọ̀gá Mùká, wọ́n ní, "Ọmọ yìí ni mo fẹ́. Láti aago méjì lójoojúmọ́." Mi ò lè sọ bí ó ṣe rí lára mi. Ọdún mẹ́rin ni mo ti fi ń gé ohùn yẹn kúrú.

* * *

Bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Dókítà á ké ẹsẹ ewì kan lẹ́ẹ̀mẹta ní Sáńsíkíríìtì, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á wá sọ ohun tó wí ní Yorùbá lásán. Èmi á wá gbé ìlà Yorùbá kalẹ̀. Wọ́n á fi ìka lu tábìlì bí mo ṣe ń kà á. Bí ìka bá dúró, ìlà náà ò tíì jinná nìyẹn, a óò tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà míì, ẹsẹ kan á gbà wá ní ọ̀sẹ̀ kan. Mo kọ́ lẹ́tà Sáńsíkíríìtì náà kí n lè máa ka ìwé tí a fi ń yẹ ewì náà wò fún wọn, àwọn lẹ́tà tó rọ̀ wálẹ̀ láti ara ìlà bí aṣọ tí wọ́n sá. Ọdún kan àti oṣù mélòó kan ni mo fi kọ́ ọ. Ọjọ́ tí mo ka ojú ewé kan tán láìṣì, Dókítà kàn ní, "Ó dáa." Mo ra ẹja díndín ńlá kan tí agbára mi ò ká, mo jẹ ẹ́ ní ìdúró ní Fọlá Àgòrò.

Ọjọ́ kan, a lọ sí Ìlàjẹ tó wà ní etí ọ̀sà Bàrígà, torí a fẹ́ mọ bí àwọn atukọ̀ ṣe ń pe ẹ̀yà ara ọkọ̀. Mo di Dókítà lọ́wọ́ mú lórí àwọn pátákó tó wà lójú omi. Wọ́n fọwọ́ pa àjẹ̀ ọkọ̀, wọ́n fọwọ́ pa etí ọkọ̀, wọ́n ń béèrè orúkọ gbogbo rẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ ra ọkọ̀ ni?" ni obìnrin kan tó ń yan ẹja bi wọ́n. "Ọmọ yín yìí ò jọ ẹni tó lè tù ú o!"

Dókítà rẹ́rìn-ín. Wọn ò sọ pé èmi kì í ṣe ọmọ wọn. Èéfín ẹja ń ta mí lójú, mo sì ń rẹ́rìn-ín bí aláìgbọ́n. Bí wọ́n bá ní kí n yan ọjọ́ kan nínú gbogbo ọdún mẹ́sàn-án yìí, ọjọ́ yẹn ni màá yàn.

Nígbà tí mo padà sí Kétu lọ sin àbúrò bàbá mi, àwọn ọmọdé ilé wa ń sín mi jẹ pé mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni inú rédíò. Ní Bàrígà, Kútọnù ni mí. Nínú pálọ̀ Dókítà nìkan ni kò ti sí ẹni tó ń bi mí níbi tí mo ti wá. Dókítà náà ti gbé bẹ́ẹ̀ rí: ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi jẹ́ àlejò ní Íńdíà, wọ́n wá dé ilé wá di ẹni tó kàwé tí kò wúlò. Mo rò pé àwa méjì ti rí ibi tó tọ́ sí wa. Èmi nìkan ni mo pín ibẹ̀ fún àwa méjì nínú ọkàn mi. Mi ò bi Dókítà.

Ibi tí mo ti fọwọ́ ara mi ba nǹkan jẹ́ nìyí: mo mẹ́nu kan ìyá mi. Tí àgbà kan bá kú ní Kétu, ìyá mi ni wọ́n máa ń pè wá dárò. Wọ́n mọ bí a ṣe ń ka oore òkú kalẹ̀ tí gbogbo agbo ilé á fi sunkún. Nígbà tí ewì obìnrin atukọ̀ yìí há sí wa lọ́wọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ìyá mi ní ọ̀rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Kí ni ẹ ń pè é tí ènìyàn bá sunkún tí kò ní ohùn mọ́? Báwo lẹ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ arò ẹni tí a ò rí òkú rẹ̀? Ìyá mi á dá mi lóhùn, màá kọ ọ́ sílẹ̀, màá ní ó dàbọ̀. Mo ń gbé e lọ fún Dókítà bí ọmọ tó gbé ẹran ìgbẹ́ dé. Dókítà ní, "Jẹ́ kí n bá wọn sọ̀rọ̀."

Wọ́n fi wákàtí kan kí ara wọn.

* * *

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo dé pálọ̀ Dókítà ní aago méjì ku díẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn ìyá mi nínú rẹ̀. Fóònù wà lórí tábìlì. Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bí olè. Mi ò rántí ìgbà tí ìyá mi rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú mi kẹ́yìn.

"Ìwọ nìyẹn?" ni Dókítà wí nígbà tí wọ́n pa fóònù. "Jókòó. Ìyá Kétu ti bá mi ṣe ẹsẹ mẹ́rin láti àárọ̀. Kọ ọ́ kí n má gbàgbé."

Ẹsẹ kan wà níbẹ̀ tí mo ti fi ọjọ́ mẹ́ta jà. Èyí tí mo ṣe ni pé: "Ọba ti gba ọkọ̀ mi, n kò lè rékọjá mọ́." Ìka Dókítà ti dúró lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Èyí tí ìyá mi ṣe rèé, ìyá mi tí kò mọ a yàtọ̀ sí b:

"Ọba gba ọkọ̀, kò gba odò.
Ta ni yóò sọ fún ẹsẹ̀ mi pé èbúté ti di ti ẹlòmíràn?"

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé kò dáa ni, ǹ bá fi rẹ́rìn-ín kí n sùn. Ó dáa jù. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí Dókítà tó sọ ọ́, Dókítà sì sọ ọ́.

"Mo ń ké Sáńsíkíríìtì fún wọn lórí fóònù," ni wọ́n wí. "Wọn ò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀, àmọ́ wọ́n ń gbọ́ ibi tí obìnrin yẹn ti ń mí. Mi ò rí irú etí yẹn rí."

Ọdún kan àti oṣù mélòó kan ni mo fi kọ́ lẹ́tà. Ó dáa ni wọ́n fún mi. Ìyá mi jókòó sórí àpótí ní Kétu, wọ́n ń yan ẹ̀pà, Dókítà sì ní àwọn ò rí irú etí wọn rí.

Láti ọjọ́ náà, mo di ẹni tó ń tẹ ohun tí àwọn méjì ti sọ tán. Mo ń dé, màá bá wọn lórí ẹ̀. Tí mo bá pe ìyá mi lọ́jọ́ Àìkú, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé, "Dókítà ńkọ́? Ṣé wọ́n ti lo oògùn ojú wọn?" Èmi ni mo ń kán oògùn ojú náà sí Dókítà lójú! Mo ń jowú. Ẹ jẹ́ kí n má fi orúkọ míì pè é. Mo ń jowú ìyá mi nítorí Dókítà, mo sì ń jowú Dókítà nítorí ìyá mi, tí mo bá sì wà ní Bàrígà nìkan mi ò mọ èwo ló ń dùn mí jù.

Lẹ́yìn náà ni Dókítà sọ ọ̀rọ̀ orúkọ. A ń ṣètò bí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé náà yóò ṣe rí.

"Lábẹ́ orúkọ mi," ni wọ́n wí, "fi orúkọ ìyá ẹ sí i. Àwa méjèèjì la túmọ̀ ẹ̀."

Mo dúró kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ wọn.

"A óò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú," ni wọ́n fi parí ẹ̀.

Orúkọ mi lórí ìwé yẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́. Mo ti tẹ orúkọ òkú, mo ti tẹ orúkọ àwọn ọmọ olóògbé, mo ti tẹ orúkọ ìyàwó àti ọkọ. Mo fẹ́ kí ẹnì kan rí tèmi lórí bébà ní Èkó, kí ó mọ̀ pé Kútọnù ní orúkọ.

* * *

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo sọ fún Dókítà pé fóònù ìyá mi ti já sínú kànga. Èmi ni mo ń bá Dókítà tọ́jú fóònù tiwọn, torí wọn ò ríran dáadáa mọ́. Mo yí nọ́ńbà kan padà lára nọ́ńbà ìyá mi tó wà níbẹ̀, mo sì dí ọ̀nà tí ìyá mi fi lè pè wọ́n. Mo sọ fún ìyá mi pé iṣẹ́ ti parí, pé Dókítà ń sinmi, kí wọ́n má yọ wọ́n lẹ́nu.

"Ṣé mo ṣẹ̀ wọ́n ni?" ni ìyá mi bi mí.

Mo ní rárá. Mo ní bí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Oṣù méjì ni mo fi ní Dókítà fún ara mi padà. Aago méjì dé, èmi nìkan ni. Mo ń gbé ìlà kalẹ̀, ìka wọn ń lu tábìlì, ó ń dúró, a ń tún un ṣe, ó tún ń dúró. Nígbà tó yá, Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í ní "ó dáa" sí ìlà tí kò dáa. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju bí ìka ṣe ń dúró lọ. Wọ́n ń yára nítorí ojú òsì. Tí mo bá sì pe ìyá mi lọ́jọ́ Àìkú, níwọ̀n ìgbà tí mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan í bi wọ́n mọ́, a óò kí ara wa, a óò dákẹ́, màá ní ó dàbọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Dókítà na páálí kékeré kan sí mi. Fóònù tuntun ni.

"Fún ìyá ẹ. Bá mi wá ẹni tó ń lọ sí Kétu."

Mo gbà á, mo dúpẹ́ lórúkọ ìyá mi, mo gbé e lọ sí Bàrígà, mo tì í sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo sùn lé e fún ọjọ́ mọ́kànlá.

* * *

Ọjọ́ tí àṣírí tú, a wà ní ilé ìtẹ̀wé. Dókítà wá fọwọ́ yan bébà tí wọ́n máa fi ṣe èèpo ẹ̀yìn ìwé náà, Ọ̀gá Mùká sì ń na oríṣiríṣi sí wọn, wọ́n ń fi àtàǹpàkò pa á wò. Wọ́n mú iná lọ. Ẹ̀rọ méjèèjì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Fóònù Ọ̀gá Mùká dún, íńkì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ síta.

"Ọ̀gá Mùká, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá ọmọ Kétu tó wà lọ́dọ̀ yín ni."

Láti ọdún tí mo dé, tí mi ò tíì ní fóònù, ni ìyá mi ti ní nọ́ńbà rẹ̀. Mo dìde. Mi ò mọ ibi tí mo ń lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni ìyá mi wí, "ẹ bá mi wo ojú ọmọ mi. Ṣé ara ẹ̀ yá? Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti gbúròó ẹ̀."

"Háà, Màmá! Ṣebí ó ń pè yín? Kútọnù, o ò kí ń pe màmá ẹ ni?"

"Ó ń pè. Kì í sọ nǹkan kan fún mi ni. Tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn òkú ló máa ń bi mí, tó bá ti gbọ́ ọ tán, ó dàbọ̀. Dókítà ló ń sọ fún mi bó ṣe jẹun. Dókítà ló sọ fún mi pé ó wúkọ́, pé ó ra bàtà, pé ó ka ìwé àwọn ará Íńdíà láìṣì, tí inú àwọn fi dùn tí àwọn ò lè sọ̀rọ̀. Ó wá ní Dókítà ń sinmi. Mi ò fẹ́ yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹ ṣáà bá mi wò ó bóyá ó rù."

Àwọn òṣìṣẹ́ ń wo ilẹ̀. Dókítà gbé bébà ọwọ́ wọn kalẹ̀, wọ́n na ọwọ́ síwájú títí ó fi kan tábìlì tí fóònù wà.

"Ìyá Kétu, èmi rèé. Mi ò sinmi o. Wọ́n ní fóònù yín já sínú kànga ni."

"Kànga wo?" ni ìyá mi wí. "Háà. Ọmọ yìí."

Mi ò gbọ́ èyí tó kù. Mo jáde síta, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ márúwá kan tó ń dúró de èrò, awakọ̀ náà sì bi mí bóyá mò ń lọ Bàrígà. Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀gá Mùká ló wá fà mí wọlé pé Dókítà ń pè mí.

"Kí ló dé?" ni wọ́n bi mí.

"Owú ni, mà."

"Owú èmi, àbí owú ìyá ẹ?"

"Àwọn méjèèjì, mà."

Dókítà ò bú mi, mo sì ń retí kí wọ́n bú mi.

"Ìyá ẹ ò fún mi ní ìlà kan rí lọ́fẹ̀ẹ́," ni wọ́n wí. "Tí mo bá ké ẹsẹ kan fún wọn, wọ́n á ní, 'Kí lọmọ mi jẹ lánàá?' Tí mi ò bá mọ̀ ọ́n, wọn ò ní dá mi lóhùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bi ẹ́ lójoojúmọ́ pé kí lo jẹ. O rò pé mò ń kí ẹ ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni mo rò. Mo rò pé Dókítà nífẹ̀ẹ́ mi ni wọ́n ṣe ń béèrè.

"Mo ti pàdánù oṣù méjì ojú mi," ni wọ́n fi kún un. "Máa lọ sílé. Lọ́la, aago méjì."

Mi ò ronú pé wọ́n máa sọ pé lọ́la.

* * *

Dókítà àti ìyá mi parí ewì náà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ojú òsì Dókítà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán nígbà náà, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé nìkan ni wọ́n ń rí. Wọ́n ní kí n ka ojú ewé àkọ́kọ́ fún wọn. Mo mọ̀ pé ohunkóhun tó bá wù mí ni mo lè tẹ̀ síbẹ̀, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo ka orúkọ Dókítà. Mo ka orúkọ ìyá mi. Mo dúró níbẹ̀, mo ń retí kí Dókítà bi mí pé tèmi ńkọ́.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Tẹ̀ ẹ́."

Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí. Mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, Ọ̀gá Mùká sì tẹ gbogbo rẹ̀ síta, orúkọ ìyá mi wà níbẹ̀ ní lẹ́tà tó dúdú dáadáa.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi ní Bàrígà, mo pe ìyá mi. Ọjọ́rú ni, kì í ṣe ọjọ́ tí mo máa ń pè.

"Ọ̀rọ̀ wo lo ń wá?" ni wọ́n bi mí.

"Mi ò wá ọ̀rọ̀ kankan. Mo ní kí n sọ ohun tí mo jẹ fún yín ni."

Mo ń gbọ́ ewúrẹ́ lẹ́yìn wọn. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní mo jẹ ẹ̀wà láàárọ̀, mo fi búrẹ́dì jẹ ẹ́, ata pọ̀ nínú rẹ̀.

"Ẹ̀wà," ni wọ́n wí. "Dókítà ti sọ fún mi."

Mo ní, "Màmi, ẹ gbàgbé èyí tí Dókítà sọ. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi."

"Ó dáa," ni ìyá mi wí. "Bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀wà."